Orí Karùn-ún: Ọ̀rọ̀ fún Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Nǹkan ní Agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́

Àfojúsùn Ẹ̀kọ́

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, yóò lè:

(a) sọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin ọ̀rọ̀-ìṣe *wò* àti *ṣọ́*;
(b) fọ́ *olùṣọ́, ẹ̀ṣọ́, ìṣọ́, aṣọ́gbó* àti *òǹwòran* sí mọ́fíìmù wọn;
(d) lo *ọdẹ, ọlọ́dẹ, ẹ̀ṣọ́, olùṣọ́, alóre, alámí* àti *mẹ́gàdì* níbi tó yẹ wọ́n;
(e) fi àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ ya àwọn ọ̀rọ̀ tó jọra sọ́tọ̀;
(ẹ) fi àpẹẹrẹ láti Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ ṣàlàyé bí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ṣe máa ń gbòòrò.

5.1 Ìbẹ̀rẹ̀

Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ wà ní apá ìlà-oòrùn Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọ̀wọ̀ ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ àkọ́kọ́, Ìfọ́n sì ni ti ìkejì. Ọ̀nà tó ti Ọ̀wọ̀ gba Ìfọ́n kọjá wọ Ìpínlẹ̀ Ẹdó. Igbó ló wà lápá ọ̀tún àti òsì ọ̀pọ̀ ibi lójú ọ̀nà náà, oko kòkó, oko iṣu àti oko ẹ̀gẹ́ sì wà láàrin igbó náà.

Lágbègbè bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ṣíṣọ́ kò lè tán. Àgbẹ̀ ń ṣọ́ àgbàdo kí ọ̀bọ má baà jẹ ẹ́. Ọlọ́dẹ ń ṣọ́ àdúgbò lóru. Ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn ń ṣọ́ etí igbó, pásítọ̀ ń ṣọ́ ọkàn àwọn ọmọ ìjọ, mẹ́gàdì sì jókòó sẹ́nu géètì. Gbogbo wọn ló ń ṣọ́ nǹkan, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa pe pásítọ̀ ní ọlọ́dẹ tàbí kó pe mẹ́gàdì ní alóre. Ohun tí ẹnì kan ń ṣọ́, ibi tó ti ń ṣọ́ ọ, àti ẹni tó rán an níṣẹ́ ló ń pinnu orúkọ tí Yorùbá máa pè é. Ohun tí orí yìí fẹ́ fi hàn nìyẹn.

5.2 Wò àti Ṣọ́

Wò ni kí a gbé ojú lé nǹkan. Ṣọ́ ni kí a gbé ojú lé nǹkan nítorí pé ohun kan lè ṣẹlẹ̀ sí i, tàbí nítorí pé òun fúnra rẹ̀ lè ṣe ohun kan. Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí:

1. Bọ́lá ń wo iṣu tó wà lórí iná.
2. Bọ́lá ń ṣọ́ iṣu tó wà lórí iná.

Bí iṣu bá jóná nínú gbólóhùn kìíní, kò sẹ́ni tó lè bá Bọ́lá wí. Ojú lásán ló fi wò ó. Bó bá jóná nínú gbólóhùn kejì, ìyá rẹ̀ máa bi í pé, "Níbo lo wà?" Ìbéèrè yìí ló ya ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ nǹkan ni wọ́n máa bi léèrè bí nǹkan náà bá bàjẹ́.

Òwe kan kó ojú àti ìṣọ́ pọ̀ sínú gbólóhùn kan: *ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí*. Ojú ni irinṣẹ́, orí ni ohun tí à ń dáàbò bò, *ṣọ́* sì ni iṣẹ́ tó so méjèèjì pọ̀. Bí a bá fi *wò* dípò *ṣọ́* nínú òwe náà, kò ní ìtumọ̀ mọ́, nítorí alákàn kò nílò láti wo orí ara rẹ̀. Láti inú *ṣọ́* yìí kan náà la ti rí ṣọ́ra (ṣọ́ + ara), èyí tí í ṣe kí ènìyàn máa ṣọ́ ara rẹ̀.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí ohun kan. Ọ̀rọ̀-ìṣe *ṣọ́* kò dá rere tàbí ibi mọ̀. Ìyá ń ṣọ́ ọmọ. Olè náà ń ṣọ́ ilé tó fẹ́ fọ́. Ní ọjọ́ 26, oṣù kọkànlá, ọdún 2020, àwọn agbébọn pa Olúfọ́n ti Ìfọ́n, Ọba Israel Adéuṣì, ní Ẹlẹ́gbẹ̀ka, nígbà tí kábíyèsí ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ wálé. Ẹni tó ń ròyìn irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè sọ pé àwọn agbébọn ń ṣọ́ ọ̀nà, tàbí pé wọ́n dènà de ọba. Àmọ́ kò jẹ́ pe ẹnikẹ́ni nínú wọn ní *olùṣọ́*. Ọ̀rọ̀-ìṣe gba oníwà rere àti oníwà ibi. Ọ̀rọ̀-orúkọ tó ti inú rẹ̀ jáde kò gba oníwà ibi.

5.3 Bí a Ṣe Ṣẹ̀dá Àwọn Ọ̀rọ̀ Náà

Afòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni mọ́fíìmù tí a fi síwájú ọ̀rọ̀ láti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ mìíràn. Láti ara *ṣọ́* àti *wò*, a rí:

- olù- + ṣọ́ → olùṣọ́: ẹni tí ìṣọ́ jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀
- ẹ̀- + ṣọ́ → ẹ̀ṣọ́: ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ tó ń dáàbò boni
- ì- + ṣọ́ → ìṣọ́: iṣẹ́ ṣíṣọ́ fúnra rẹ̀, bíi nínú *ìṣọ́ òru* àti *ilé ìṣọ́*
- a- + ṣọ́ + igbó → aṣọ́gbó: ẹni tó ń ṣọ́ igbó ọba
- a- + ṣọ́ + ilé → aṣọ́lé: gólì nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá
- a- + ṣọ́ + ibodè → aṣọ́bodè: ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ibodè
- òǹ- + wo + ìran → òǹwòran: ẹni tó wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀

Òfin mẹ́ta ló hàn nínú àwọn àpẹẹrẹ yìí. Èkíní ni àǹkóò fáwẹ̀lì: *ẹ̀ṣọ́* là ń sọ, a kì í sọ *èṣọ́*, nítorí pé fáwẹ̀lì *ọ* tó wà nínú *ṣọ́* kì í bá *e* kẹ́gbẹ́ nínú irú ọ̀rọ̀ yìí. Èkejì ni ìpajẹ: nínú *aṣọ́gbó* àti *aṣọ́lé*, fáwẹ̀lì *i* tó bẹ̀rẹ̀ *igbó* àti *ilé* ti bọ́ sọnù. Ẹ̀kẹta kan ohùn. Nígbà tí *ì* bọ́ kúrò nínú *wo ìran*, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò bá a lọ. Ó bọ́ sórí *wo*, ó sì sọ ọ́ di *wòran*.

Àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí láìfi àmì sí i lè bú ẹni tó fẹ́ yìn:

- *ọdẹ*: ẹni tó ń pa ẹran nínú igbó, *ọ̀dẹ̀*: òmùgọ̀, *òde*: ìta
- *ẹ̀ṣọ́*: ẹni tó ń dáàbò boni, *ẹ̀sọ̀*: ìrọ̀rùn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́

5.4 Ìlò Àwọn Ọ̀rọ̀ Náà

5.4.1 Ọdẹ àti ọlọ́dẹ

Ọdẹ ni ẹni tó ń wá ẹran pa nínú igbó. Òru ni ọ̀pọ̀ ọdẹ ń jáde, pẹ̀lú iná níwájú orí àti ìbọn ṣakabùlà léjìká. Ọdẹ tó mọṣẹ́ mọ ipa ẹsẹ̀ ọ̀yà yàtọ̀ sí ti ìgalà. Nítorí náà, bí ẹsẹ̀ àjèjì bá wọ igbó, òun ló máa kọ́kọ́ mọ̀. Ìmọ̀ yìí ló mú kí àwọn ìlú Yorùbá fi òru wọn síkàáwọ́ ọdẹ. D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà, fi ọdẹ ṣe olú ẹ̀dá ìtàn nínú *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀*, tó jáde ní 1938.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú igbó, ó wọ ìgboro. Ẹni tí àdúgbò gbà láti máa ṣọ́ òru ni wọ́n ń pè ní ọdẹ àdúgbò tàbí ọlọ́dẹ, bí kò tilẹ̀ pa ọ̀yà kan rí láyé rẹ̀. Èyí ni à ń pè ní ìgbòòrò ìtumọ̀: kí ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo tẹ́lẹ̀ wá gba òmíràn mọ́ ọn.

Irinṣẹ́ ọlọ́dẹ ìgboro yàtọ̀ sí ti ọdẹ inú igbó. Tọ́ọ̀ṣì, kùmọ̀ àti fèrè ló ń mú rìn. Ní aago méjì òru, ó lè fi irin lu òpó iná lẹ́ẹ̀mejì, kó tó fọn fèrè kọjá síwájú. Ìró yẹn ń ránṣẹ́ sí ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Onílé tó ta jí gbọ́ ọ, ó mọ̀ pé owó oṣù tí àdúgbò ń dá kò ṣòfò. Olè náà gbọ́ ọ, ó mọ̀ pé ojú wà lóde. Ọdẹ inú igbó kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ariwo ni yóò lé ẹran rẹ̀ sá.

5.4.2 Ẹ̀ṣọ́

Ẹ̀ṣọ́ ní ìtàn tó lọ jìnnà. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní 1921, a kà pé Ẹ̀ṣọ́ Ọ̀yọ́ jẹ́ 70, pé oyè ogun ni, àti pé akọni nìkan ni wọ́n ń fi jẹ ẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ kì í dá wà. Ó ní ẹgbẹ́, ó ní olórí, ó sì ní ẹni tó fi í jẹ.

Ìtumọ̀ yẹn ṣì wà nínú ìlò òde òní. Àwọn oníròyìn ń pe àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ààbò ìrìnnà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, ní *ẹ̀ṣọ́ ojú pópó*. Gbogbo àjọ tó bá gbé ìbọn tàbí tó wọ aṣọ iṣẹ́ fún ààbò ni wọ́n ń kó pọ̀ sábẹ́ *ẹ̀ṣọ́ aláàbò*.

*Ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn* ni àpẹẹrẹ tó sún mọ́ àwọn ará Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ jù lọ. Ní ọjọ́ 9, oṣù kìíní, ọdún 2020, àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà ní Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn ṣí ètò ààbò tó ń jẹ́ Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn. Gómìnà Oǹdó nígbà náà, Rótìmí Akérédolú, ọmọ Ọ̀wọ̀, ni alága ẹgbẹ́ àwọn gómìnà náà. Ní oṣù kẹta ọdún náà, ó fọwọ́ sí òfin tó gbé Àmọ̀tẹ́kùn kalẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ọ̀pọ̀ ọdẹ ló wọ iṣẹ́ náà, torí wọ́n mọ igbó. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọdẹ bá ti wọ aṣọ Àmọ̀tẹ́kùn, orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn oníròyìn yí padà di ẹ̀ṣọ́. Ojú rẹ̀ kò yí padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yí padà, ìmọ̀ igbó rẹ̀ wà níbẹ̀. Òfin, aṣọ iṣẹ́, ọ̀gá àti owó oṣù tó ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá ló fa ìyípadà orúkọ.

A gbọ́dọ̀ ya ẹ̀ṣọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọlọ́pàá. Ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ ni wọ́n fi sọ ọlọ́pàá lórúkọ, iṣẹ́ ìṣọ́ kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá.

5.4.3 Olùṣọ́, olùṣọ́-àgùntàn àti darandaran

Olùṣọ́ ló gbòòrò jù nínú gbogbo wọn. A lè sọ pé *olùṣọ́ ìdánwò*, *olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà*, *olùṣọ́ oko*. Ohun tó ń ṣọ́ la máa ń sọ mọ́ ọn kí ìtumọ̀ tó yanjú.

Olùṣọ́-àgùntàn gba ọ̀nà Bíbélì wọ inú ìlò ojoojúmọ́. Nínú Bíbélì Yorùbá, darandaran gidi ni nígbà mìíràn, aṣíwájú ènìyàn ni nígbà mìíràn. Lónìí, bí ará Ọ̀wọ̀ bá ní òun fẹ́ rí olùṣọ́-àgùntàn, ilé pásítọ̀ ni wọ́n máa júwe fún un. Ẹni tó ń da màlúù kiri ní etí igbó Ọ̀sẹ́ ń jẹ́ darandaran (àpètúnpè *da ẹran*). Ọ̀rọ̀ yìí ló wọ́pọ̀ nínú ìròyìn nígbà tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe òfin tó ka fífi ẹran jẹ̀ ní gbangba léèwọ̀, èyí tí gómìnà fọwọ́ sí ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 2021. Olùṣọ́-àgùntàn àti darandaran ìbá jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà bí a bá wo iṣẹ́ tí wọ́n ń tọ́ka sí nìkan. Ìlò ló pín wọn níyà: ọ̀kan gba ilé ìjọsìn, èkejì gba pápá.

5.4.4 Alóre àti alámí

Alóre ni ẹni tó dúró síbi gíga láti wo ọ̀ọ́kán kó lè ké sí ará ìlú bí ọ̀tá bá ń bọ̀. Bíbélì Yorùbá lò ó fún àwọn tó ń ṣọ́ orí odi ìlú. Ìgbà tí odi ìlú kò jẹ́ nǹkan mọ́ ni alóre náà ṣọ̀wọ́n lẹ́nu àwọn ènìyàn. Inú ìwé àti inú ìwàásù la ti ń gbọ́ ọ jù.

Alámí ń wò, ṣùgbọ́n ó fi ara pamọ́. Ohun tó bá rí, ẹlòmíràn ló ń kó o fún. Alóre fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ ohùn òun. Alámí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òun wà níbẹ̀. Ẹni tó ń sọ fún ajínigbé pé olówó kan ti kúrò nílé, alámí ni.

5.4.5 Òǹwòran

Òǹwòran kò ní ohun kan láti dáàbò bò. Ó wá wo ìran ni. Ìran tí Ọ̀wọ̀ fi lórúkọ jù ni ọdún Igogo, tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún ní ìrántí Ọ̀rọ́nṣẹ̀n, olorì ọba ayé àtijọ́. Ọlọ́wọ̀, ọba ìlú náà, á di irun bí obìnrin, iyùn á bo ọrùn àti àyà rẹ̀, á sì jó jáde láàrin àwọn ìjòyè. Agogo ló ń dún, nítorí èèwọ̀ ni ìlù lásìkò ọdún náà. Èèwọ̀ sì ni fìlà àti gèlè.

Níbí, òǹwòran náà ní òfin tó de é. Àlejò tó dé fìlà wá wo Igogo ti kọjá ẹni tó kàn ń wòran. Ó ti di ẹni tó ba èèwọ̀ ìlú jẹ́. Àpẹẹrẹ yìí fi hàn pé àṣà lè fi ojúṣe lé ẹni tó ń wò lọ́wọ́, bí ọ̀rọ̀-ìṣe *wò* kò tilẹ̀ ní ojúṣe nínú.

5.4.6 Mẹ́gàdì

Mẹ́gàdì jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò láti inú èdè Haúsá. Ẹnu géètì ni àyè rẹ̀: ilé ńlá, ilé ìfowópamọ́, ilé ẹ̀kọ́. Onílé tàbí ilé iṣẹ́ ló gbà á síṣẹ́. Ọlọ́dẹ ní àdúgbò, mẹ́gàdì ní ọgbà kan. Bí olè bá ja ilé kejì, kò sẹ́ni tó máa bi mẹ́gàdì.

5.5 Nígbà Tí Ẹ̀rọ Bá Ń Ṣọ́

Ní ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, ọjọ́ 5, oṣù kẹfà, ọdún 2022, àwọn agbébọn kọlu ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis ní Òwàlúwà, Ọ̀wọ̀. Nǹkan bí 40 ènìyàn ló kú, ọ̀pọ̀ sì farapa. Lẹ́yìn rẹ̀, ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó pàṣẹ pé kí àwọn ibi tí èrò ń pọ̀ sí, ilé ìjọsìn pẹ̀lú wọn, fi kámẹ́rà CCTV sí àyíká wọn.

Àṣẹ yẹn gbé ìbéèrè kan ka iwájú onímọ̀ èdè: kí ni a ó máa pe irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá? Afòmọ́ *olù-* sábà máa ń tọ́ka sí ènìyàn: *olùkọ́, olùdarí, olùgbàlà*. Afòmọ́ *a-* gba ènìyàn, ó sì gba ẹ̀rọ: *apẹja* àti *adájọ́* jẹ́ ènìyàn, *amúlétutù* àti *amóhùnmáwòrán* jẹ́ ẹ̀rọ. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tuntun tí a bá fi *a-* ṣẹ̀dá láti ara *ṣọ́* máa bá òfin èdè mu ju èyí tí a fi *olù-* ṣẹ̀dá lọ.

Ìtumọ̀ pẹ̀lú tì í lẹ́yìn. Kámẹ́rà ń gba àwòrán sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè bi í pé níbo ló wà nígbà tí nǹkan bàjẹ́. Ẹni tó jókòó ti ojú ẹ̀rọ náà ni wọ́n máa bi, òun sì ni olùṣọ́.

5.6 Ẹ̀ka-Èdè Agbègbè Náà

Yorùbá àjùmọ̀lò ni a fi kọ gbogbo àpẹẹrẹ òkè yìí. Ẹ̀ka-èdè Ọ̀wọ̀ ní àwọn ìró tirẹ̀. Orúkọ ìlú náà lẹ́nu àwọn ọmọ rẹ̀ ni *Ọ̀ghọ̀*, pẹ̀lú ìró *gh* tí Yorùbá àjùmọ̀lò kò ní. Fáwẹ̀lì *u* sì lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe hàn nínú orúkọ ìlú bíi Uso àti Ute. Yorùbá àjùmọ̀lò kì í fi *u* bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àgbà, kó kọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ gan-an, kó tó kọ ti àjùmọ̀lò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

5.7 Àkótán

- *Wò* kò ní ojúṣe nínú. *Ṣọ́* ní in. Ẹni tó ń ṣọ́ nǹkan ló máa dáhùn bí nǹkan náà bá bàjẹ́.
- Ọ̀rọ̀-ìṣe *ṣọ́* gba rere àti ibi. *Olùṣọ́* àti *ẹ̀ṣọ́* gba rere nìkan.
- Afòmọ́ *olù-, ẹ̀-, ì-, a-* àti *òǹ-* ló ṣẹ̀dá ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ yìí, àǹkóò fáwẹ̀lì àti ìpajẹ sì hàn nínú wọn.
- *Ọdẹ* gbòòrò láti inú igbó dé ìgboro. *Ẹ̀ṣọ́* ní ẹgbẹ́, olórí àti àṣẹ lẹ́yìn rẹ̀.
- *Alóre* ń ké sí ìlú. *Alámí* ń fi ara pamọ́. *Òǹwòran* wá wo ìran. *Mẹ́gàdì* ní ọgbà kan.

5.8 Ìdánrawò

Apá A: Fi *wò* tàbí *ṣọ́* dí àlàfo (lo *wo* níbi tó yẹ)

1. Àwọn ọmọ náà ń ______ ẹyẹ kí wọ́n má baà jẹ ìrẹsì.
2. A lọ ______ ọdún Igogo ní Ọ̀wọ̀.
3. Ta ni yóò ______ ẹrù wa bí a bá wọ inú ọjà?
4. Dókítà ______ ojú aláìsàn náà, ó sì kọ oògùn fún un.

Apá B: Dáhùn ní ṣókí

5. Fọ́ *aṣọ́bodè, aṣọ́lé* àti *òǹwòran* sí mọ́fíìmù. Sọ fáwẹ̀lì tó bọ́ sọnù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.
6. Kí ló dé tí a kì í sọ *èṣọ́*?
7. Fi àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ tó yẹ sí ọ̀rọ̀ tó wà láàrin àmì àyọlò: "Ode" náà pa ìgalà méjì, kì í ṣe "ode" rárá, torí ó mọ igbó bí ẹní mọ owó.
8. Sọ ìyàtọ̀ mẹ́ta tó wà láàrin ọlọ́dẹ àti ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn.

Apá D: Àròkọ àti iṣẹ́ ìwádìí

9. Kọ àròkọ tí kò dín ní 250 ọ̀rọ̀ lórí ètò ààbò ìlú rẹ láyé àtijọ́ àti lóde òní. Lo ọ̀rọ̀ márùn-ún, ó kéré tán, nínú àwọn tí a ṣàlàyé nínú orí yìí.
10. Ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ Yorùbá méjì fún kámẹ́rà CCTV. Fọ́ wọn sí mọ́fíìmù, kí o sì sọ ìdí tí o fi yan afòmọ́ tí o lò.
11. Bi àgbà méjì, ọ̀kan láti Ọ̀wọ̀, ọ̀kan láti Ìfọ́n tàbí ìlú mìíràn ní Ọ̀sẹ́, ohun tí wọ́n ń pe ẹni tó ń ṣọ́ oko, ẹni tó ń ṣọ́ òru àti ẹni tó ń wòran nínú ẹ̀ka-èdè wọn. To èsì rẹ sínú àtẹ onílà mẹ́ta: Ọ̀wọ̀, Ọ̀sẹ́, Yorùbá àjùmọ̀lò.